Ìdí tí AC ọkọ̀ fi ń rùn, àti bí òórùn náà ṣe lè lọ tí kò ní padà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Láràárọ̀ tí mo bá tan AC ọkọ̀ mi, òórùn kan ló máa ń kọ́kọ́ lu imú mi, àfi bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n ká pamọ́ láìtíì gbẹ. Tí a bá ti rìn díẹ̀, á rọlẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún padà wá. AC náà ń tutù dáadáa o. Mo ti gbé lọ́fíńdà oríṣiríṣi kọ́ sínú ọkọ̀, mẹkáníìkì mi sì ní gáàsì rẹ̀ ló ti pẹ́ jù, kí n jẹ́ kí òun yí i. Kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà máa ń rin nígbà mìíràn, mi ò mọ̀ bóyá ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin ní ikọ́ fée, ó sì máa ń wúkọ́ nínú ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?"

Ẹ má tíì san owó gáàsì yẹn o. Gáàsì AC kì í bá afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí símú pàdé rárá. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yípo: á kúrò lára compressor (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì náà kiri), á gba iwájú rédíétọ̀, á wọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, á tún padà síbi tó ti wá. Kì í gbó, kì í sì í kan. Tó bá dín kù, òtútù ló máa bá a dín kù, ẹ sì ti sọ pé tiyín ń tutù dáadáa. Ẹni tó bá yí gáàsì nítorí òórùn á náwó, á sì máa gbóòórùn náà lọ. Ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dárúkọ yẹn gan-an ló fi ibi tí ọ̀ràn wà hàn mí. Omi kan wà nínú ọkọ̀ yín tí kò ríbi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí omi ṣe ń débẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní í náwó sí ohun tí kò jẹ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, nínú àpótí oníke kan tí ẹ kò lè rí láìtú nǹkan, ni evaporator wà. Páìpù tín-ín-rín ni, tí wọ́n to pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí lára, tí àlàfo àárín wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan sí méjì lọ. Gáàsì tó ń kọjá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di tútù, débi pé díẹ̀ ló kù kí omi ara rẹ̀ di yìnyín. Blower, ìyẹn fáànù AC, á wá máa ti afẹ́fẹ́ gba àárín àwọn pẹlẹbẹ yẹn wọ inú ọkọ̀. Ọ̀rinrin sì máa ń wà nínú afẹ́fẹ́; bó bá ti fara kan ibi tútù yẹn, á di omi, á máa kán. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá rin gan-an, omi tó máa kán láàárín wákàtí kan lè tó lítà kan. Inú àwo kan lábẹ́ evaporator ló ń dà sí, rọ́bà kan ló sì ń gbé e gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jáde. Òun ni omi tí ẹ máa ń rí lábẹ́ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ìgbà tí ẹ kò bá rí i ló yẹ kí ara fu yín.

Ìgbà tí ẹ bá pa ọkọ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Omi ṣì wà lára evaporator, bẹ́ẹ̀ náà sì ni eruku àti òwú aṣọ tó ti ń lẹ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́. Afẹ́fẹ́ kò kọjá mọ́, ibẹ̀ ṣókùnkùn, ooru ẹ́ńjìnnì á sì jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibi tí kòkòrò àìfojúrí àti fungus, irú ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu, ń fẹ́ nìyẹn. Gbogbo òru ni wọ́n á fi máa jẹ ìdọ̀tí yẹn, tí òórùn wọn á sì máa kó jọ sínú àpótí náà. Tí ẹ bá tan fáànù láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ní á rọlẹ̀ tí ẹ bá rìn díẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ imú náà ń tan èèyàn jẹ. Èyí tó kó jọ ti fẹ́ jáde tán, òtútù sì ti mú kí èyí tó kù má fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ṣùgbọ́n imú yín pẹ̀lú ti mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà níta ṣílẹ̀kùn wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, kí ẹ bi í bóyá ó gbóòórùn kankan. Báyìí náà ni kí ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ bá tún un ṣe tán.

Ó wá kan kápẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibi tí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí ni àwo omi yẹn sún mọ́ jù. Tí rọ́bà rẹ̀ bá dí, omi á kún àwo náà bàmùbàmù, á ṣàn bò ó, á sì dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Báyìí ni kí ẹ ṣe mọ̀ dájú. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó gbẹ tó sì tẹ́jú, ní gbangba, kì í ṣe nínú ilé tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀, torí èéfín ẹ́ńjìnnì lè pani. Ẹ yí AC dé ibi tó tutù jù, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. Tí omi bá ń kán tó tó tó, ọ̀nà ṣí. Tí ojú ọjọ́ bá rin tí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ sì gbẹ táútáú, ó ti dí nìyẹn. Àmì mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ tí wọn kì í kà sí: tí ẹ bá yà tàbí tí ẹ bá tẹ bíréèkì, omi á máa dún gbọ̀lọ́gbọ̀lọ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan rọ́bà yẹn, ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tó wà nínú kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ ká máàtì kúrò, ẹ fi tíṣù funfun tẹ ibi tó rin mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá wò ó. Omi AC kì í ní àwọ̀ kan pàtó, bí a bá yọ ti ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì kúrò, kì í sì í yọ̀ lọ́wọ́. Tí tíṣù náà bá ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ pupa tàbí ti ọsàn, tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì jọ ti ohun dídùn, coolant ni, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, híítà ọkọ̀ ló sì ń jò. Májèlé ni coolant. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn sún mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà. Tó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn òjò nìkan ló máa ń rin, àní nígbà tí ẹ kò tan AC, ẹ má wulẹ̀ da AC láàmú. Òjò ló ń wọlé, bóyá láti etí gíláàsì iwájú, láti inú ilẹ̀kùn, tàbí láti ojú ọ̀nà omi gíláàsì òrùlé fún ọkọ̀ tó bá ní in.

Tó bá jẹ́ omi AC, ẹ wá rọ́bà náà kàn. Ara irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ ló ti máa ń yọ, nísàlẹ̀, lápá ibi tí kápẹ́ẹ̀tì ti rin. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹnu rọ́bà náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀, torí ẹrẹ̀ máa ń lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, títẹ̀ yẹn nìkan ti tó: omi dúdú tó ti ń rùn á tú yàà bọ́ sílẹ̀. Ẹ wọ gíláàsì ojú, ẹ sì yẹra díẹ̀, kó má baà dà sí yín lójú. Tí kò bá jáde, ẹ fi okùn ọ̀rá tó lè díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ ìgéko, tì í wọlé jẹ́jẹ́ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, kí ẹ máa yí i. Ẹ má ṣe fi wáyà irin gún un. Evaporator kò jìnnà sókè ibẹ̀, alumíníọ̀mù rẹ̀ kò sì nípọn. Ihò bíńtín ni gbogbo gáàsì máa gbà jáde, owó tí ẹ kò fẹ́ san tẹ́lẹ̀ á wá di ọ̀ranyàn.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dáwọ́ dúró. Rọ́bà ti ṣí, omi ti lọ, wọ́n á ní ó parí, òórùn á sì tún padà. Ìdí ni pé fóòmù nípọn wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó sì lè gba omi púpọ̀ sára kí ojú kápẹ́ẹ̀tì tó fi hàn. Ẹ lè fọwọ́ pa kápẹ́ẹ̀tì kó gbẹ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kún fún omi. Ẹ tú ike etí ilẹ̀kùn, ẹ tú àga tó bá yẹ, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ fún fóòmù yẹn. Tó bá ṣe é yọ, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dénú. Tí kò bá ṣe é yọ, ẹ fi nǹkan gbé e sókè kí fáànù máa fẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni. Èyí tó bá ti ní àmì dúdú kiri ara, ẹ má tún un lò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo àwọn wáyà tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá, nítorí ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ máa ń dípẹtà tí omi bá pẹ́ níbẹ̀, àìsàn iná ọkọ̀ tó máa bá a wá sì ṣòro láti rí.

Fíltà AC kò ní gbà wá lákòókò. Ẹ̀yìn àpótí ìkẹ́rù kékeré tó wà níwájú èrò iwájú ló sábà máa ń wà. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, abẹ́ ike ìdí wáípà ni. Àwọn ọkọ̀ kan kò tilẹ̀ ní in. Ẹ yọ ọ́, ẹ wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá dúdú, tí ewé gbígbẹ wà nínú rẹ̀ tàbí tó rin, ẹ jù ú nù. Oníbébà kò ṣe é fọ̀. Lọ́dọọdún, tàbí bí ọkọ̀ bá ti rìn tó kìlómítà 15,000 sí 20,000, ló yẹ kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Níbi tí eruku bá pọ̀, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọfà kan wà lára rẹ̀ tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà hàn, ẹ má ṣe fi í sódì. Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ kó gbogbo ewé tó wà nídìí wáípà kúrò. Ibẹ̀ ni AC ti ń fa afẹ́fẹ́ ìta, ewé tó ń jẹrà níbẹ̀ á máa fi òórùn ránṣẹ́ sínú ọkọ̀. Àmọ́ ẹ má tíì fi fíltà tuntun sí i. Ẹ fọ evaporator ná.

Fóòmù ìfọ evaporator ọkọ̀ wà ní títà, inú agolo, pẹ̀lú rọ́bà gígùn tín-ín-rín. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó wà fún evaporator ọkọ̀ tó sì ń pa kòkòrò ni kí ẹ rà. Ọ̀nà méjì ni mo fara mọ́. Èkíní, kí rọ́bà agolo náà gba inú rọ́bà omi láti ìsàlẹ̀ wọlé. Èkejì, kó gba ihò tí resistor blower (ohun kékeré tó ń jẹ́ kí eré fáànù lè pọ̀ tàbí kó dín kù) ń jókòó sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ resistor náà, torí ihò yẹn sábà máa ń sún mọ́ evaporator. Resistor máa ń gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Ẹ máa tẹ fóòmù náà sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí rọ́bà rẹ̀ kó lè dé igun gbogbo. Ẹ wá fi í sílẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo, ó sábà máa ń jẹ́ 10 sí 20. Ohun tó máa kán sí abẹ́ ọkọ̀ á fi hàn yín ohun tí ẹ ti ń mí símú: omi pupa rẹ́súrẹ́sú, pẹ̀lú òwú, eruku àti ègé ìdọ̀tí dúdú. Tó bá ṣì dúdú, ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Ẹ rí i pé ìdí nìyẹn tí rọ́bà omi fi gbọ́dọ̀ ṣí ṣáájú; tó bá dí, gbogbo ẹ̀gbin yẹn á padà sórí kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan ọkọ̀ ní gbangba, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ pa AC, ẹ yí i sí híítà, kí fáànù máa fẹ́ ní agbára tó ga jù títí kò fi ní sí ọ̀rinrin nínú atẹ́gùn tó ń jáde. Ìgbà yẹn ni fíltà tuntun tó wọlé.

Agolo tí wọ́n ń gbé sí ilẹ̀ ọkọ̀ tí á máa tú jáde fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó lè ran ọkọ̀ tí òórùn rẹ̀ kò tíì le lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í fọ ìdọ̀tí dànù. Fún irú tiyín, mi ò ní bá yín nàka sí i. Bílíìṣì ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń dá lábàá. Ó ń jẹ alumíníọ̀mù, òórùn rẹ̀ á máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín lójoojúmọ́, tó bá sì pàdé vinegar tàbí ammonia, gáàsì olóró ló máa mú jáde. Ẹ má fín nǹkan tó lè gbaná sí ẹ̀gbẹ́ blower tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ozone, èyí tó ń tú gáàsì ozone jáde láti fi pa òórùn, ní tirẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń sọ rọ́bà inú ọkọ̀ di gbígbó, kò sì fa ẹ̀kán omi kan jáde. Ẹ má ṣe gbé e wọ inú ọkọ̀ tí ọmọ tó ní ikọ́ fée ń wọ̀.

Nítorí ọmọ yín yìí náà, ẹ já gbogbo lọ́fíńdà yẹn sọ nù lónìí. Ohun tó ń hù lára evaporator lè ru ikọ́ fée sókè, òórùn lọ́fíńdà pẹ̀lú sì lè ru ú sókè. Ẹ ti fi ìkejì kún ìkíní láìmọ̀. Títí iṣẹ́ yìí á fi parí, ẹ máa ṣí gbogbo gíláàsì kí ẹ tó tan fáànù láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ́ dànù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọmọ tó wọlé. Kó má ṣe sí nítòsí lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Ẹ sì sọ fún dókítà rẹ̀ pé inú ọkọ̀ ni ikọ́ náà ti ń dé, torí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ wúlò fún wọn.

Bí kò ṣe ní padà wá kò gbówó lọ́wọ́ yín. Tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ pa AC, ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́, kí ẹ sì ṣí i sí afẹ́fẹ́ ìta. Atẹ́gùn tútù ló máa kọ́kọ́ jáde, á wá máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀. Ara evaporator ló ń gbẹ yẹn, tó bá sì gbẹ kí ẹ tó pa ọkọ̀, kòkòrò kò ní rí omi mu mọ́jú. Ẹ ṣọ́ra o: tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí òtútù bá mú, pípa AC báyìí lè mú kí gíláàsì iwájú ṣú lójijì. Ẹ má ṣe é lórí eré nígbà yẹn. Ẹ dúró tán ná, kí fáànù wá fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ń ṣe é fúnra wọn, fáànù wọn á tún tan lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí AC máa yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po dára láti fi tètè mú ọkọ̀ tutù, àmọ́ ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Èémí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ àti ọ̀rinrin bàtà wọn ló ń yí po yẹn.

Kì í ṣe gbogbo òórùn inú ọkọ̀ ni ti ọ̀rinrin. Òkú eku inú àpótí blower kò jọ ti aṣọ tútù rárá, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Òórùn wáyà tó ń jó: ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Òórùn epo bẹntiróòlù: ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà. Tó bá jẹ́ èéfín sàláńsà ló ń wọlé, ẹ ṣí gíláàsì lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró, torí gáàsì carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò ní òórùn tirẹ̀, ó sì ń pani.

Tí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù láti pààrọ̀ evaporator, ẹ má gbà títí ẹ ó fi ṣe àwọn ohun tí mo kọ yìí. Ó máa ń di dandan nígbà tí evaporator bá ń jò, tàbí tí ìdọ̀tí bá ti dí àárín pẹlẹbẹ rẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kò fẹ́ jáde mọ́. Tiyín kò tíì débẹ̀.

Rọ́bà omi ni kí ẹ fi ṣíwájú, kápẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e, kí ẹ tó ra agolo fóòmù kankan. Tí òórùn náà bá tún yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá òjò rọ̀ láàárín àkókò yẹn, bóyá omi ń kán lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́, àti apá ibi tí kápẹ́ẹ̀tì ti rin.